Ìwà àti Oṣù: Ìtàn Nótíìsì fún Ayálégbé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ní Ìwàràjà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, ni ọ̀nà tó ti Iléṣà wá ti pín sí méjì: ọ̀kan kọjú sí Àkúrẹ́, èkejì gba Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ sí Adó-Èkìtì. Nírú ìlú oríta bẹ́ẹ̀, yàrá ayálégbé wà ní ìgboro, oko kòkó tí a dá sórí ilẹ̀ ẹbí ẹlòmíràn sì wà lẹ́yìn odi. Ohun tí a ó yẹ̀ wò ni bí òfin ṣe dáàbò bo ẹni tó ń gbé yàrá àti ẹni tó ń dá oko, nígbà tí ẹni tó ni nǹkan bá ní kí wọ́n kúrò.

Lẹ́yìn tí ibùdó ogun Kírìjì tú ká ní 1893, ọ̀pọ̀ jagunjagun Ìjẹ̀ṣà padà sí oko, kòkó sì gbilẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ a tọ onílẹ̀ lọ, a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe owó ilé; àmì ni pé ẹni tó ń san án mọ ẹni tó ni ilẹ̀. A kì í dá ìgbà fún un. Igi kòkó ń lo ọdún 3 sí 5 kó tó so, ó sì ń so fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kí ni nótíìsì oṣù 6 fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ìwà ni òṣùwọ̀n. Bí ó bá sọ pé òun ló ni ilẹ̀, tàbí ó tà á láìgbàṣẹ, tàbí ó kọ ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí èyí múlẹ̀ ní 1974 nínú ẹjọ́ Aghenghen àti Waghoreghor: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ ilẹ̀ náà títí láé, bí ìwà rẹ̀ bá tọ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò fòpin sí àjọṣe yìí. Ìdájọ́ Abioye àti Yakubu ti 1991 sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti yàrá, oṣù ni òṣùwọ̀n. Òfin ìjọba amúnisìn ti 1945 lórí gbígba ilé padà ti gbé ìlànà nótíìsì kalẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù a gba nótíìsì oṣù 1, ẹni tó ń san lọ́dọọdún a gba ti oṣù 6. Lẹ́yìn èyí ni nótíìsì ọjọ́ 7 pé onílé ń lọ sí kóòtù. Kóòtù nìkan ló lè lé ènìyàn jáde: nínú ẹjọ́ Ojukwu ní 1986, a bá ìjọba Èkó pàápàá wí nítorí pé ó fipá lé e nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ.

Síbẹ̀, ní 2021, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ kí ajẹgbèsè ayálégbé fi àbùkù inú nótíìsì ṣe ibi ìsádi. Ó jọ pé ìwà, òṣùwọ̀n àtijọ́ ti oko, ti ń wọ inú yàrá.

Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ ni yóò jìyà. Ọmọ olóko tó gba nótíìsì oṣù 6 lè kó ẹrù kúrò lórí oko tí baba rẹ̀ gbìn, láìmọ̀ pé ìwé náà kò tó láti mú un kúrò. Ayálégbé oníwà pẹ̀lẹ́ sì lè rò pé ìwà òun yóò gba òun, kí oṣù tó pé.