Ọkà Loògùn: Iṣu Gbígbẹ, Ọjà Bódìjà àti Ìdàgbàsókè Tó Ń Tọ́jọ́

“Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú.” Àwọn tó fẹ́ràn iyán ló sábà máa ń pa òwe yìí, wọ́n sì máa ń fi dá ẹlẹ́kọ lápàárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Iyán kò ṣeé gún bí kò bá sí iṣu tútù nílé, iṣu tútù sì ní ìgbà tirẹ̀. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, iṣu tuntun a máa wọ ọjà láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún ọdún kejì, iṣu inú àká ti ń hù, òmíràn ti jẹrà, èyí tó ṣẹ́ kù sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Ìgbà náà ni ọkà, ìyẹn àmàlà, ń ṣe iṣẹ́ oògùn, nítorí ebi ni àìsàn tó ń wò. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà fi iyán sípò kìn-ín-ní lóòótọ́, àmọ́ ó mọ èyí tó ń gba ìdílé là nígbà ọ̀wọ́n.

Ẹni tó jókòó síwájú àwo àmàlà kì í rí iṣẹ́ tó sọ iṣu di oògùn yìí. Oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní Òkè-Ògùn, àgbègbè oníjọba ìbílẹ̀ 10 ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìṣẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣì wà nínú rẹ̀. Iṣu kéékèèké, iṣu tí ọkọ́ ti ṣá lọ́gbẹ́, àti iṣu tí kò ní lè dé ọjà láìbàjẹ́ ni wọ́n sábà ń yà sọ́tọ̀ fún èlùbọ́, ìyẹ̀fun iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń fi ro àmàlà. Obìnrin á bẹ ẹ́, á gé e, á sì dà á sínú omi tó wà lórí iná. Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú omi yìí. Kò gbọdọ̀ hó. Bó bá hó, iṣu á jinná, àmàlà rẹ̀ kò sì ní fà. Bí kò bá sì gbóná tó, iṣu á kan kó tó gbẹ. Kò sí ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ooru níbẹ̀: ìyá á ti ìka bọ omi, á yọ ọ́ kíá, á sì pàṣẹ kí wọ́n fa igi kan kúrò lábẹ́ ìkòkò. Nígbà tó bá yá, á mú ègé kan, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá rọ̀ díẹ̀ láìfọ́, ó tó. Iṣu á sùn sínú omi náà mọ́jú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì sá a sórí àpáta tàbí orí ẹní fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí oòrùn mú, afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Àwọ̀ tó ń ṣú lára àmàlà kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Èròjà inú iṣu ló pàdé afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ ẹ́.

Èrè ọgbọ́n yìí tóbi. Omi ló ju ìdajì iṣu tútù lọ, omi yẹn ló sì ń mú kó hù, kó sì jẹrà. Nígbà tí oòrùn bá ti fa omi náà jáde, iṣu tí kò lè pé oṣù mẹ́fà lè di ọdún kan lórí àjà, láìsí iná mànàmáná, láìsí yàrá amúǹkantutù. Ó tún fúyẹ́, tó fi jẹ́ pé owó ọkọ̀ tí wọn ì bá fi gbé omi wá sí ìlú kò sí mọ́. Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu tó wà lágbàáyé. Ní orílẹ̀-èdè tí iṣu pọ̀ tó báyìí, tí ọ̀nà rẹ̀ bàjẹ́, tí iná rẹ̀ kò dúró, kò sí ilé iṣẹ́ ńlá kankan tó ti rí ọ̀nà tó rọrùn ju èyí tí àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń lò láti ayébáyé. Ọgbọ́n náà kò sì mọ sí Nàìjíríà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, irú iṣu kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kokoro ni wọ́n ń sá gbẹ, ìyẹ̀fun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní télibo sì ń bọ́ àwọn ará Cotonou.

Ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́ ni èyí tó ń gbọ́ bùkátà àwọn tó wà láyé lónìí láìsọ àwọn tó ń bọ̀ di aláìní. Ohun tí àṣà ń ṣe nínú rẹ̀ hàn kedere ní Ìbàdàn òde òní, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ti ní oko mọ́. Bódìjà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ kọ́ bí àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀mọ̀wé, ló wá ní ọ̀kan lára àwọn ọjà oúnjẹ tó tóbi jù ní ìlú náà. Àwọn alájàpá ń kó èlùbọ́ wá láti Òkè-Ògùn àti láti ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ń gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kóńgò. Àwọn alárobọ̀ ń rà á lọ sí àdúgbò. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Owó tí wọ́n fi ń yí òwò náà kì í sábà ti báńkì wá. Èsúsú àti àjọ ni, ètò tí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, tí kò sì tíì kú.

Láti Bódìjà ni èlùbọ́ ti ń wọ búkà. Ní Agbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ jọ ń tò síwájú ìyá olóúnjẹ kan náà lọ́sàn-án. Ní Challenge, èrò ọkọ̀ ló ń jẹ àmàlà kó tó dojú kọ ọ̀nà Èkó; ní Ring Road, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Àwo kan ṣoṣo tó ní abúlà, ìyẹn gbẹ̀gìrì àti ewédú tí wọ́n bù pọ̀, nínú ń pe iṣẹ́ mélòó kan jọ: ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ti òkè Ọya wá, ewédú ti etí odò wá, epo pupa ti igbó wá, ẹnìkan ló gbẹ́ orógùn, ẹlòmíràn ló di ìjábẹ̀ tí wọ́n fi ń ja ewédú. Bí àmàlà bá kúrò lóúnjẹ ìlú, gbogbo wọn ni yóò fara gbá a. Àwòrán Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, kì í wọ́n nínú ìwé tó bá ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè Ìbàdàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó kòkó ṣe gudugudu méje. Síbẹ̀, òkè òkun ló ń dá iye owó kòkó. Èlùbọ́ tí kò ní ilé gogoro kankan ló ń bọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé gogoro náà.

Ní ti oògùn tòótọ́, ìṣọ́ra yẹ. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Indianapolis, Amẹ́ríkà, ti jọ ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé tó ń bá àgbàlagbà jà, tí wọ́n sì fi àwọn arúgbó àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 3.24 lọ́hùn-ún. Oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó lè fa ìyàtọ̀ náà. Ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé àmàlà ń wo àrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò ní kọ̀ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ayé ti ń rí irú ọgbọ́n báyìí gẹ́gẹ́ bí dúkìá. Ní 2003 ni àjọ UNESCO ṣe àdéhùn lórí dídáàbò bo àjogúnbá àṣà tó wà lórí ahọ́n, lọ́wọ́ àti lọ́pọlọ ènìyàn. Ní 2016, wọ́n fi abala kan kún ìlànà rẹ̀ tó so àjogúnbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdàgbàsókè tó ń tọ́jọ́, tó sì dárúkọ oúnjẹ, ìlera àti ipò obìnrin. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ifá àti ọdún Ṣàngó Ọ̀yọ́ ti wà nínú ìwé àjogúnbá wọn. Nsima, òkèlè àgbàdo àwọn ará Malawi, wọlé ní 2017. Ọgbọ́n ṣíṣe attiéké ti Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wọlé ní 2024. Títí di ìparí ọdún yẹn, kò sí oúnjẹ Nàìjíríà kankan níbẹ̀. Pé orúkọ wọ ìwé kò ní kí èlùbọ́ dára sí i, àmọ́ orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ kọ orúkọ oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni èrè.

Àṣà yìí ní àbùkù tirẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Igi ni wọ́n fi ń bọ iṣu, igi náà ni ọ̀pọ̀ búkà fi ń dáná, àwọn tó ń sun èédú sì ti dá igbó Òkè-Ògùn lágara. Iṣu fẹ́ ilẹ̀ tó ti sinmi dáadáa, ilẹ̀ kò sì ráyè sinmi mọ́. Àwọn oníṣòwò kan ń fín oògùn kòkòrò sí èlùbọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, èyí tó léwu fún ẹni tó ń jẹ ẹ́. Nínú búkà, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ewé. Ewé eéran tí wọ́n bá fi pọ́n oúnjẹ á jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rá á sì wọ gọ́tà lọ bá Ògùnpa, odò tó ya wọ ìlú Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980. Nígbà tí omíyalé mìíràn pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kẹjọ 2011, ìdọ̀tí tó dí ojú omi wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Àwọn tó ń ta ewé ṣì wà ní Bódìjà. Oníbàárà ni kò pọ̀ fún wọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò jìnnà sí ọjà náà. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ní ibi ìtọ́jú tí irúfẹ́ iṣu inú rẹ̀ lé ní 5,000. Ọwọ́ àgbẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, tó fi hàn pé àwọn àgbẹ̀ ti ń tọ́jú irúgbìn kí ilé ìwádìí tó dé. Ilé iṣẹ́ náà tún ń fi ọwọ́ ìtàkùn iṣu ṣe irúgbìn, kí àgbẹ̀ má baà máa fi apá ńlá ìkórè rẹ̀ ṣe èébù. Ní ti sísá, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń ṣe àpótí tó ń fi oòrùn gbẹ nǹkan, tí eruku ojú títì kò ní dé inú rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò kan ìkòkò tó wà lórí iná. Bí ẹni tó ń lo àpótí náà kò bá kọ́kọ́ lọ kọ́ bíbọ̀ iṣu lọ́dọ̀ àwọn ìyá Òkè-Ògùn, àmàlà tí kò fà ni yóò máa fi ẹ̀rọ náà ṣe, yóò kàn tètè gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.