Gàráńtì Tán, Jíà Kọṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978. Ó ra mọ́tò tuntun, wọ́n sì fún un ní ìwé gàráńtì: ohunkóhun tó bá bàjẹ́ láàárín oṣù méjìlá, tàbí kí mọ́tò náà tó rin 12,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù méjìlá pé, kò sí wàhálà. Oṣù mélòó kan sí i, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ké tantan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Jíà ti lọ. Wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Onítọ̀hún wo ìwé, ó wo iye máìlì tí mọ́tò ti rìn, ó mi orí. Gàráńtì ti tán. Bí baba bá fẹ́ jíà mìíràn, kí ó lọ mú owó wá.

Mo ní kí ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan ni, ṣùgbọ́n ìyà tó jẹ ẹ́ kì í ṣe àlọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà láàárín ọdún mélòó kan péré. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn nígbà náà kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní: bí ohun tí wọ́n tà fún ọ bá ti ní àbùkù láti ilé-iṣẹ́ wá, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn gàráńtì ni àbùkù náà jáde, ta ni ó yẹ kí ó san owó rẹ̀?

Bí jíà ọtọmátíìkì ṣe dé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń yí jíà. Bí ẹsẹ̀ òsì kò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa, irin á máa han bí ẹni pé wọ́n ń pa á. Ní 1939 ni ilé-iṣẹ́ General Motors kéde jíà tí ń yí ara rẹ̀, èyí tí wọ́n pè ní Hydra-Matic, fún mọ́tò Oldsmobile ti ọdún 1940. Earl Thompson ló ṣe olórí àwọn ẹnjiníà tó ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò fi dọ́là 57 kún owó mọ́tò rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi irú jíà yìí sínú ọkọ̀ ogun onírin ti àwọn sójà Amẹ́ríkà. Ogun parí, ìyẹn náà ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀: ohun tó gbé ọkọ̀ ogun, ṣé kò ní gbé ti ìwọ àti ìyàwó rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Kò pẹ́, ó di ohun tí gbogbo ilé fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká yọjú wo inú rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Epo ni ọba nínú jíà ọtọmátíìkì. Epo ni ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún jíà. Epo náà ni ń ti àwọn awo pẹlẹbẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ara wọn kí wọ́n lè di ara wọn mú. Òun kan náà ni ń tu irin lára. Bí ooru bá pọ̀ jù, epo á jó, á dúdú, á máa rùn. Awo kílọ́ọ̀ṣì kò ní lè di ara wọn mú mọ́, wọ́n á máa yọ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń yọ̀ tó ni ooru ń pọ̀ sí i, bí ooru bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń yọ̀ sí i.

Ẹ ti rí i pé jíà kì í sábà kú ikú òjijì. Àìsàn abẹ́nú ni. Ó lè máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ kí onímọ́tò tó mọ̀. Nígbà tó bá fi máa hàn síta, ọjọ́ gàráńtì ti kọjá lọ.

Ta ló dá ọjọ́ gàráńtì?

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló dá a. Kì í ṣe òfin, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí irin. Ní àwọn ọdún 1950, gàráńtì tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà kò ju 90 ọjọ́ tàbí 4,000 máìlì lọ. Ní May 1955, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey, Claus Henningsen, ra Plymouth tuntun fún ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn náà, sítíárìn ṣe wọ́n báṣubàṣu, mọ́tò sì lọ kọ lu ògiri. Ilé-iṣẹ́ ní ohun tí ìwé gàráńtì sọ ni pé àwọn yóò pààrọ̀ irin tó bàjẹ́, ó tán. Ní 1960, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní New Jersey dá Henningsen láre. Ilé-ẹjọ́ náà ní ẹni tó ń ra mọ́tò kò láǹfààní láti dúnàá-dúrà lórí ọ̀rọ̀ wínníwínní tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, nítorí náà wọn kò lè fi ìwé bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni gàráńtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó di oṣù méjìlá tàbí 12,000 máìlì. Chrysler wá bú u: fún àwọn mọ́tò ti 1963, wọ́n ní ọdún márùn-ún tàbí 50,000 máìlì làwọn yóò fi dúró ti ẹ́ńjìnnì àti jíà. Nígbà tó di 1967, General Motors àti Ford náà tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n owó àtúnṣe wọ̀ wọ́n lára. Kí àwọn ọdún 1970 tó rìn jìnnà, wọ́n ti ká a padà sí oṣù méjìlá tàbí 12,000 máìlì. Irin kan náà, ọ̀nà kan náà, àmọ́ wọ́n ti fa ọjọ́ sẹ́yìn. Ẹni tó ń ta ọjà ló gbé ààlà kalẹ̀, òun náà ló sì ń sún un.

Jíà tó fúyẹ́

Ní 1973, epo rọ̀bì wọ́n lágbàáyé. Àwọn tí ń ṣe mọ́tò ní Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ọkọ̀ yóò ṣe fúyẹ́ tí yóò sì dín epo kù. General Motors ṣe jíà ọtọmátíìkì tuntun kan tí wọ́n pè ní Turbo-Hydramatic 200, ó sì bọ́ sójà pẹ̀lú àwọn mọ́tò ti 1976. Ó fúyẹ́ ju 350 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn nìkan kò burú. Ibi tó ti burú ni pé wọn kò fi mọ sára mọ́tò kékeré bíi Chevette. Wọ́n gbé e sínú àwọn mọ́tò ńláńlá tó wúwo náà. Bí ìgbà tí ènìyàn di ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí ni.

Jíà bẹ̀rẹ̀ sí í kú káàkiri. Àwọn kan rí ojú rere gbà: bí wọ́n bá pariwo tó, ilé-iṣẹ́ á bá wọn san ìdajì tàbí gbogbo owó náà. Àwọn tó dákẹ́ san gbogbo rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n rò pé orí burúkú tiwọn ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹni tó wà ní òpópónà kejì ti gba tirẹ̀. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àmọ́ àwọn kan ò dákẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí Center for Auto Safety, ẹgbẹ́ tí Ralph Nader àti Consumers Union dá sílẹ̀ ní 1970. Wọ́n kọ̀wé sí àjọ Federal Trade Commission, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ṣọ́ ìwà àwọn oníṣòwò. Àwọn mìíràn gba ilé-ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní ìwé ìpolówó jẹ́ kí àwọn gbà pé jíà 350 tàbí irú rẹ̀ ni àwọn ń rà, àṣé 200 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Wọ́n gbójú lé òfin gàráńtì tí Ààrẹ Gerald Ford fọwọ́ sí ní January 1975. Ní 1981, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Chicago já wọn kulẹ̀. Ìpolówó, ilé-ẹjọ́ ní, kì í ṣe ìwé gàráńtì tí òfin náà ń sọ. Òfin tí wọ́n rò pé yóò gbà wọ́n ò tiẹ̀ sọ pé dandan ni kí ẹnikẹ́ni fúnni ní gàráńtì. Ohun tó sọ ni pé bí o bá fúnni, kí o kọ ọ́ kó yé ni.

Ọ̀nà kejì ló mú nǹkan jáde. Ní 1980, àjọ Federal Trade Commission fẹ̀sùn kan General Motors pé wọ́n mọ̀ nípa àbùkù jíà yìí àti àwọn àbùkù kan lára ẹ́ńjìnnì, wọn kò sì sọ fún àwọn tó ń ra ọjà wọn. Ní 1983, wọ́n yanjú rẹ̀. General Motors kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà pé ẹnikẹ́ni tí jíà náà bà nínú jẹ́ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú onílàjà ní Better Business Bureau, ìbáà jẹ́ pé gàráńtì rẹ̀ ti tán. Ohun tí onílàjà bá sọ, ilé-iṣẹ́ ní láti tẹ̀ lé e.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ló yọ̀. Michael Pertschuk, ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣọ́nnà àjọ náà, tó ti ṣe alága rẹ̀ rí, kọ̀ láti fara mọ́ ìpinnu náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: dípò kí wọ́n dá owó padà fún gbogbo àwọn tó fara gbá a, olúkúlùkù ni yóò lọ dá jà. Ẹni tó ti sọ ìwé ẹ̀rí ìtúnṣe nù, kí ni yóò fi hàn? Síbẹ̀, ohun kan ti yí padà. Wọ́n ti gbà ní gbangba pé òpin gàráńtì kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀.

Orin àtijọ́ lẹ́nu tuntun

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yìí ò yé padà wá. Jíà Honda Odyssey ti 1999 sí 2001 da àwọn onímọ́tò láàmú títí ilé-iṣẹ́ fi fa gàráńtì jíà náà gùn dé ọdún méje tàbí 100,000 máìlì. Nissan fa ti jíà CVT, èyí tí bẹ́líìtì onírin ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, gùn dé ọdún mẹ́wàá tàbí 120,000 máìlì fún àwọn mọ́tò rẹ̀ ti 2003 sí 2010. Ti Ford ló dùn mí jù. Jíà PowerShift tó wà nínú Fiesta àti Focus máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ní Australia, wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ló fà á. Ilé-ẹjọ́ rí i pé ilé-iṣẹ́ ti mọ̀ pé jíà ló lábùkù, ó sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ti Australia lé wọn lórí ní April 2018. Ẹni tó ta ọjà tí kò dára, kó tún wá sọ pé ẹni tó rà á ni kò mọ ọkọ̀ wà!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lè ní kí ló kàn yín níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an. Ọ̀pọ̀ irú mọ́tò wọ̀nyí ló sọdá òkun wá di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìwé gàráńtì wọn ò sì bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí jíà bá kú, ó di ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, ká lọ ra àlòkù tí a ò mọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ débẹ̀. A ní òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, a sì ní àjọ tó ń mójú tó o, ṣùgbọ́n òfin kì í rìn lọ bá ẹni tó dákẹ́.

Kí ẹ tó sanwó mọ́tò, ẹ béèrè orúkọ jíà tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ. Ẹ fa igi epo jíà yọ bí ó bá ní. Bí epo bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó lẹ́tà wọn jọ síbì kan ni ilé-iṣẹ́ tó gbé ààlà gàráńtì kalẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún un síwájú.