Òògùn Tí Wọ́n Ní Ó Ń Mú Ọmú Tóbi

Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí ní Òṣòdì yóò mọ̀ pé etí kì í sinmi níbẹ̀. Orúkọ Òṣòdì Tápà ni ibẹ̀ ń jẹ́, ìjòyè Èkó tó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹpẹ́ ní 1851. Ọ̀nà reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba wó ìsọ̀ àti àtíbàbà ibẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n sì ṣí ibùdókọ̀ ńlá síbẹ̀ ní 2019; síbẹ̀, ohùn àwọn tí ń polówó òògùn kò kúrò lábẹ́ afárá. Láyé ọjọ́sí, inú mólùè ni wọ́n máa ń dúró sí, báàgì á wà lọ́rùn wọn. Lónìí, gbohùngbohùn ni wọ́n gbé síwájú, tí ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àgbo inú ìgò kan wà, ó ní hóró, ó sì ní ìpara pẹ̀lú, tí wọ́n ní bí obìnrin bá lò ó, ọmú rẹ̀ yóò tóbi, yóò sì dúró ṣinṣin, láìsí iṣẹ́ abẹ, láìsí abẹ́rẹ́, nítorí pé ewé àti egbò ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ ilé wa.

Àbúrò mi obìnrin tí ń gbé ní Ìsọlọ̀ ra ìgò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ọmọ ọdún 23 ni. Ní oṣù kejì, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan nínú ọmú òsì. Kí ni ó ṣe? Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òògùn náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni ó fi pa kókó náà mọ́ra, tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bí àgbẹ̀ tí ń yẹ iṣu wò nínú ebè, kí ìyá wa tó fura, tí ó sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo bá a wí, ó gbé ìgò náà síwájú mi, ó fi ìka lé nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìjọba náà ń purọ́ ni?” Èmi tí mo ń pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò rí èsì fún un. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tí ń ta lékuléja ní ọjà kan ní Ìsọlọ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ewé wo ni àwọn àgbà ń lò kí ọmú obìnrin lè tóbi?” Ìyá wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ fi ṣe? Wọ́n máa ń wá ra èyí tí ọmú yóò fi sẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n máa ń wá ra ti ọmú tó wú, tó ń dunni. Ti pé kí ó tóbi, Ọlọ́run ló ni ìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò ta ko ohun tí mo mọ̀. Nínú àwọn ère àtijọ́ wa, abiyamọ tó kúnlẹ̀ a máa ní ọmú tó kún, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ ni agbẹ́gilére ń sọ nípa rẹ̀ ju oge lọ. Pierre Verger, ará Faransé tó gba orúkọ Fátúmbí, tó kó àṣe òògùn àwọn Yorùbá jọ, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde ní 1995, fi hàn pé ewé àti ọfọ̀ jọ ń rìn ni: orúkọ ewé ni ọfọ̀ máa ń mú láti fi pàṣẹ fún un. Iṣẹ́ ojúkojú ni. Oníṣègùn mọ ẹni tí ó ń wò, ó mọ ilé rẹ̀, bí òògùn náà kò bá sì jẹ́, aláìsàn mọ ilé oníṣègùn. Ẹni tó gbé gbohùngbohùn sábẹ́ afárá ńkọ́? Kí ènìyàn tó padà dé, ó ti wọ dánfó lọ sí Mushin.

Níbo wá ni òògùn ọmú ńlá ti wá? Mo rí i pé ó ti ń tà ní ìlú òyìnbó kí a tó bí àwọn ìyá wa. Ní nǹkan bí 1900, apòògùn kan ní Paris ń ta hóró kan tí ó pè ní Pilules Orientales, ìyẹn ni hóró ìlà-oòrùn, ó sì ń polówó rẹ̀ pé yóò fún obìnrin ní àyà tó kún. Ẹ kíyè sí orúkọ náà. Paris ni ó ti ń tà á, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a gbà pé ìlà-oòrùn ni àṣírí rẹ̀ wà. Ní ìlà-oòrùn gan-an, ní Chiang Mai ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Thailand lónìí, wọ́n tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní 1931 lórí kwao krua, ìtàkùn kan tí ó ní egbò ńlá bí iṣu, tí wọ́n ní ó ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Ìtàkùn yìí, Pueraria mirifica, ni ó wà lónìí nínú ọ̀pọ̀ hóró ọmú tí wọ́n ń tà káàkiri ayé.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan mo rí agolo ìpara ọmú kan ní ìsọ̀ kan ní Òṣòdì, òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, Kigelia ni wọ́n sì kọ sí i lára. Mo bi ọmọbìnrin tí ń tà á pé kí ni Kigelia. Ó ní igi kan ni, pé kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Pàndòrò ni! Pàndòrò tí èso rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro lórí igi, tí àwọn ìyá lékuléja mọ̀ bí ẹni mọ owó, ni wọ́n gbé lọ tí wọ́n tún gbé bọ̀ wá tà fún wa. Ará Paris ní ìlà-oòrùn ni, ará òkè òkun ní Áfíríkà ni, ará Èkó ní òkè òkun ni. Ibi tí ẹni tí ń rà á kò lè dé ni òògùn yìí máa ń ti wá.

Ẹ̀wẹ̀, kí ni ó ń mú ọmú dàgbà ná? Ọ̀rá ni ọmú, àti ẹran ara tí ń ṣe wàrà, hòmóònù ni ó sì ń pàṣẹ fún un nígbà tí ọmọbìnrin bá ń bàlágà. Edgar Allen àti Edward Doisy ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọ ipa rẹ̀ ní 1923. Ní 1929, Doisy àti Adolf Butenandt ti Jámánì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, yọ irú estrogen kan jáde ní mímọ́. Egbò kwao krua sì ní ohun kan nínú tí ń ṣe bí estrogen. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì. Bí ohun inú ìgò kò bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó ṣòfò. Bí ó bá ní i, kì í ṣe àgbo lásán mọ́: ó lè da nǹkan oṣù rú, àwọn jẹjẹrẹ kan sì wà nínú ọmú tí estrogen ń bọ́. Ní 2003, dókítà Adriane Fugh-Berman ní Amẹ́ríkà yẹ àwọn òògùn oníwé wọ̀nyí wò. Kò rí ìwádìí gidi tí wọ́n fi ènìyàn ṣe tó gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, ó sì ní kí àwọn dókítà má ṣe jẹ́ kí obìnrin lò wọ́n. Ní ọdún yẹn kan náà ni àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ òwò mú àwọn tí ń ta hóró Isis lẹ́jọ́, nítorí wọ́n polówó pé ó ń mú ọmú tóbi láìní ẹ̀rí.

Ẹni tó bá sì rò pé ohun tó jọ hòmóònù kò léwu, kí ó rántí stilbestrol, tí Charles Dodds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní England ní 1938. Kì í ṣe ewé, n kò sì sọ pé òun ni ó wà nínú ìgò Òṣòdì. Wọ́n fún àwọn aboyún lò. Ní 1971 ni àwọn dókítà ní Boston rí i pé jẹjẹrẹ ń mú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin kan lójú ara, àwọn tí ìyá wọn lò ó nígbà tí ó lóyún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Láti 1988 ni òfin ti ka kíkiri òògùn léèwọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní 1990, ọmọ wẹ́wẹ́ tó lé ní 100 kú ní Ìbàdàn àti ní Jos, nítorí paracetamol olómi tí wọ́n fi ohun olóró po. Ní 1993, ìjọba ológun fi òfin dá NAFDAC sílẹ̀. Ilé àyẹ̀wò ńlá àjọ náà wà ní Òṣòdì, ọ́fíìsì rẹ̀ kan wà ní Ìsọlọ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà tó lọ sí Àpápá. Kò jìnnà sí abẹ́ afárá tí mo ń wí. Òògùn ìbílẹ̀ tí a kò tíì fi ènìyàn dán wò ní ìlànà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, wọ́n a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní májèlé tàbí kòkòrò àrùn, wọ́n a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì. Lẹ́tà L ni ó máa ń parí nọ́ńbà rẹ̀. Dandan sì ni kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé NAFDAC kò yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò.

Mo gbé ìgò àbúrò mi sí ìmọ́lẹ̀. L wà níbẹ̀. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ọmú kankan nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Òògùn tí ń tún ara obìnrin ṣe ni wọ́n pè é. Ẹnu ẹni tí ń tà á ni ọmú ti wá, ẹnu sì dùn-ún ròfọ́. Mo fi èyí han àbúrò mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan.

Wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun pàápàá kò lè fi ọwọ́ lásán mọ̀ ọ́n, ó sì bi í léèrè ohun tó ń dúró dè fún oṣù mẹ́rin. Ojú ti àbúrò mi láti sọ ọ́. Ìyá wa ni ó sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo gba Òṣòdì kọjá, mo mú ìgò náà dání. Mo bá ọkùnrin tí ń tà á, mo fi gbólóhùn kékeré náà hàn án, mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá nínú gbohùngbohùn rẹ̀. Kò bínú. Ó ní, “Bọ̀dá, ìyẹn kò sí lára ìpolówó.” Ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè sí i.