Ẹni tí ń Da Omi

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wí pé àwọn òmìrán ni ó gbé òkúta ńlá ilẹ̀ Íjíbítì ró. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Lára ògiri ibojì Djehutihotep ní Deir el-Bersha, tí ó ti tó bí 3,900 ọdún, a ya ère òkúta kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 13, lórí igi tí a ń wọ́ nílẹ̀. Ènìyàn 172 ń fi okùn fà á. Ẹnì kan ṣoṣo dúró níwájú ère, ó ń da omi sílẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti rò pé ètùtù ni. Ṣùgbọ́n ní 2014 àwọn onímọ̀ ní Amsterdam dán an wò: iyanrìn gbígbẹ a máa wọ́jọ síwájú ẹrù, a sì dí i lọ́nà, bí ó bá tutù níwọ̀n, agbára tí a ó fi fà á dín sí bí ìdajì. Láìsí aládàomi yìí, ènìyàn 172 ha lè tó bí?