Kápùténì Abíọ́dún: ta ló dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀?

Lọ́jọ́ Àìkú, tí ìró òòlù bá ti rọlẹ̀ ní ọjà irin Owódé Onírin, àwọn aláṣọ funfun ni ẹ óò rí lẹ́bàá títì Ìkòròdú, Bíbélì lọ́wọ́, àmùrè nídìí. Àwọn Sẹ̀lẹ́ wà nínú wọn, àwọn ọmọ Kérúbù àti Séráfù náà sì wà níbẹ̀. Ẹ bi ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jọ ń kàwé léèrè ẹni tó dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọn óò dá: Mósè Orímọládé. Wọn ò purọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn ni wọ́n sọ. Ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ náà rò ó tán, torí ọjọ́ ọdún Kérésìmesì ni wọ́n bí i, ní 1907, ní ilẹ̀ Dàhòmì tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ báyìí. Èkó ló ti lọ sí ilé ìwé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, ó lọ wòran ní Campos Square, níbi tí àwọn Kátólíìkì ti ń ṣe ìwọ́de ọdún Ara Kristi. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti rí áńgẹ́lì kan tó tẹ̀ lé e délé. Ó bọ́ sójú ìran, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, jìnnìjìnnì sì bo àwọn ará ilé. Wọ́n ránṣẹ́ pe oníwàásù kan tó ti Ìkàrẹ́ Àkókó wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, àmọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí aládùúrà. Orímọládé gbàdúrà, Abíọ́dún sì jí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá gbọ́ ohun tó rí.

Ẹ má rò pé ìran nìkan ló fà wọ́n wá. Lúkúlúkú ti pa ènìyàn bí ẹní pa eṣinṣin ní 1918, àwọn dókítà òyìnbó kò sì rí i ṣe. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri tún wọ Èkó. Ẹni tó bá sọ pé ààwẹ̀, Sáàmù àti omi tí a gbàdúrà sí tó, láìsí àgbo, láìsí ìgbàdí, yóò rí ẹni gbọ́ ọ. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà lúkúlúkú yẹn, obìnrin kan ti kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: Sophia Ọdúnlámì, olùkọ́ kékeré kan, tó ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé omi òjò yóò wo àwọn aláìsàn sàn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Orímọládé ti fi ń wàásù kiri láti ìlú dé ìlú kó tó dé Èkó ní 1924, kò sì dá ẹgbẹ́ kankan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí òun àti Abíọ́dún pàdé ni ẹgbẹ́ dé: wọ́n sọ ọ́ ní Séráfù ní oṣù Kẹsàn-án 1925, Kérúbù sì kún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó gbè sẹ́yìn Bàbá Aládùúrà máa ń ní bí kò bá gbàdúrà, ọmọ náà kò ní jí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá ríran, ta ni ìbá pè é?

Abíọ́dún náà ló sì gbé e jáde. Nígbà tí Orímọládé jókòó sí Èkó, ọmọbìnrin yìí ló kó àwọn ajíhìnrere lẹ́yìn lọ sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti àwọn ìlú Yorùbá mìíràn. Aláṣọ funfun ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà fún aláìsàn, àwọn kan ń kó oògùn wọn jáde fún sísun. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ. Kápùténì tí wọ́n ń pè é kì í ṣe oyè àpèjẹ.

Ní 1929, Orímọládé kọ̀wé sí i pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjà ta ló jẹ́ olórí ló ti ń rú wúyẹ́wúyẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kó jẹ́ ọmọ lábẹ́ bàbá, òun ní àwọn jọ dá a sílẹ̀ ni. Ó lọ pẹ̀lú àwọn tirẹ̀. Orímọládé kú ní 1933, Kápùténì sì ní òun ló kàn. Àwọn ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò lè wà lábẹ́ obìnrin. Lójú tèmi, ohun tó yani lẹ́nu nìyí: ẹgbẹ́ tí ìran obìnrin bí, tí obìnrin pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó gbà kí obìnrin máa ríran fún gbogbo ìjọ, kọ̀ fún un láti jókòó sórí àga. Abraham Ọnànúgà ni wọ́n fi jẹ Bàbá Aládùúrà.

Kápùténì kò pa ẹnu mọ́, kò sì padà sílé. Ó ń darí ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ, ó fẹ́ ọ̀gbẹ́ni Emanuel, ó ń dàgbà, ìjọ náà sì ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ó di 1986, tí wọ́n ń wá ìṣọ̀kan, kí wọ́n tó fi í ṣe olórí. Ó ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ọdún mẹ́jọ ló lò lórí àga náà kó tó kú ní 1994.