Àwọn Tí Ó Kọ́ Wa ní Áljẹ́bírà

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa, orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, lẹ́yìn náà ni ọdún tí a kọ́ ilé, àti bíṣọ́ọ̀bù tí ó yà á sí mímọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó kà nípa ẹni tí ó dúró níwájú pátákó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti í fi lẹ́tà rọ́pò iye tí a kò mọ̀, àti bí a ti í fi igun mẹ́ta wọn ohun tí ọwọ́ kò lè tó. Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí, áljẹ́bírà àti tirigonọ́mẹ́tìrì, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ àwọn tí ó lè fi wọ́n kọ́ ni. Nítorí ó dá wa lójú pé àìtó irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe líle ẹ̀kọ́ náà, ni kò jẹ́ kí ó tètè fìdí múlẹ̀ láàrin wa.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ti rò. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti lè kà dé ọgọ́rùn-ún ti ń rìn ní ọ̀nà áljẹ́bírà kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, a ti yọ 5 kúrò nínú 50. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ 10 kúrò nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Adolphus Mann, alùfáà ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ fún ìjọ CMS ní Ìjàyè, rí i pé ọgbọ́n ńlá ni èyí, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1887. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìbéèrè kékeré kan yẹ̀ wò. Iye kan wà. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta tí a sì yọ 7 kúrò, 38 ni ó kù. Ẹni tí ó bá dá 7 padà yóò rí 45. Bí ó bá pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, yóò rí 15. Ìyá ọlọ́jà tí kò mọ ìwé rárá lè rò ó lórí ìjókòó kí oníbàárà tó tú àpò. Ohun tí áljẹ́bírà fi kún un ni pé ó kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi bá gbogbo iye mu, tí kì í ṣe 38 nìkan.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859 ni Alùfáà Thomas Babington Macaulay, àna Samuel Àjàyí Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó pẹ̀lú ọmọkùnrin mẹ́fà. Nínú àkójọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí, a rí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, lójíìkì, ìṣirò, jíọ́mẹ́tìrì, jọ́gíráfì, ìtàn àti ìmọ̀ Bíbélì. Áljẹ́bírà kò ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Àlùfáà, olùkọ́ àti akọ̀wé ni ìgbà náà ń wá, ẹni tí ó bá sì mọ ìṣirò owó, tí ó lè pa ìwé gbèsè mọ́, ti tó akọ̀wé í ṣe.

Ẹni tí ì bá yí èyí padà ni Henry Carr. Èkó ni a bí i sí ní ọdún 1863, Freetown ni ó sì ti lọ kàwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay tí ó wọ̀ níbẹ̀ ti wà láti ọdún 1827, ó sì ti so mọ́ Yunifásítì Durham ní ọdún 1876. Ní ọdún 1882, nígbà tí Carr kò tíì pé ogún ọdún, ó gba oyè pẹ̀lú ọlá nínú ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí ó gba irú oyè ọlá bẹ́ẹ̀. Ó tún kàwé sí i ní Ìlú Òyìnbó, ó padà sí Èkó ní ọdún 1885, ó sì di olùkọ́ ní CMS Grammar School. Ẹ wo irú àǹfààní tí èyí jẹ́! Ṣùgbọ́n ní ọdún 1889 ó ti fi kíláàsì sílẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ìjọba. Ọdún mẹ́rin péré ni. A kò dá a lẹ́bi. Ó di alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́, ó sì jà fún ẹ̀kọ́ tí ó péye títí ó fi dàgbà. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1945, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ni ó fi sílẹ̀, tí wọ́n sì wá di ti ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn. Síbẹ̀, a kò lè ṣàì bi ara wa léèrè pé mélòó nínú àwọn ọmọ Èkó ni ì bá ti di onímọ̀ ìṣirò bí ó bá ti dúró fún ogún ọdún níwájú pátákó.

Ọ̀nà mìíràn ni Herbert Macaulay, ọmọ olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, gbà. Ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ọdún 1890 láti kọ́ iṣẹ́ awọnlẹ̀. Ó dé ní ọdún 1893. Tirigonọ́mẹ́tìrì ni ẹ̀mí iṣẹ́ yìí. Awọnlẹ̀ a fi ẹ̀wọ̀n wọn ìlà kan ṣoṣo lórí ilẹ̀, a dúró ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, a wo igun tí ó kọjú sí igi tàbí òkè kan lókèèrè, a sì fi ìṣirò mọ ìyókù láì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Nígbà tí ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá dé, Macaulay, tí ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti ọdún 1898, ni ó bá Olóyè Àmọ́dù Tìjánì Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1920; ní ọdún 1921 ni ilé-ẹjọ́ Ọba sì dá Olúwa láre, tí owó ìtanràn rẹ̀ sì wá di £22,500. A kò sọ pé ìṣirò ni ó jàre. Òfin ilẹ̀ baba wa ni. Ṣùgbọ́n kò burú kí ẹni tí ó tẹ̀lé onílẹ̀ lọ sí kóòtù jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti í wọn ilẹ̀. (Òun àti Carr kò rẹ́ rárá; ní ọdún 1924 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde láti béèrè pé kí Carr kúrò nípò.)

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà: ti Abẹ́òkúta ní ọdún 1908, King's College ní ọdún 1909, ti Ìjẹ̀bú-Òde àti ti Ìbàdàn ní ọdún 1913. Ìdánwò Cambridge ni gbogbo wọn ń sáré sí, áljẹ́bírà sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀; ṣùgbọ́n níbi tí olùkọ́ kò bá ti mọ̀ ju ìwé lọ, àkọ́sórí ni àwọn ọmọ ń kọ́ ọ. A ṣí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá ní ọdún 1934, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í sì í ṣe oyè yunifásítì, èyí tí ó bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú gidigidi. Chike Obi jáde níbẹ̀, ó fi ìkàwé àdáṣe gba oyè Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Cambridge ní ọdún 1950, ẹni àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà. Adégòkè Olúbùmmọ̀ ará Ọ̀rìn-Èkìtì tẹ̀lé e ní ọdún 1955.

Fún àwọn ọmọbìnrin, ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni a fi fẹ́ràn ìtàn Grace Alele-Williams, tí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ, láti ọdún 1954 sí 1957. Òun náà kúrò, ó lọ kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago ní ọdún 1963. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíláàsì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ ìwé ìṣirò tuntun fún ilẹ̀ Áfríkà nínú iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Entebbe ní ọdún 1962. Ìjọba fagi lé ìṣirò ìgbàlódé náà ní ọdún 1977, nítorí àwọn òbí kò lóye rẹ̀, olùkọ́ púpọ̀ kò sì rí ẹni kọ́ wọn.

Àwa pẹ̀lú jẹ nínú àìtó yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ, olùkọ́ kan kó wa jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan sí ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ọgbà. Ó ti fi páálí, okùn àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ohun tí a ó fi wo igun. A dúró ní 60 ẹsẹ̀ bàtà sí ìdí ọ̀pẹ náà, igun tí a rí jẹ́ 35. A ṣí ìwé tábìlì, a rí 0.7002, a fi 60 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 42, a sì fi ìwọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú wa, ẹsẹ̀ bàtà 5, kún un. Ó di 47. Olùkọ́ pe ẹlẹ́mu kan, ó fi igbà gùn ún, ó sì ju okùn sílẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 46 àti ààbọ̀. Ariwo tí a pa ní ọjọ́ náà mú kí ọ̀gá àgbà jáde wá. Láti ìgbà yẹn ni tánjẹ́ǹtì ti di ohun tí ojú wa rí.

Nígbà tí ọdún náà parí, ọ́fíìsì awọnlẹ̀ kan gba olùkọ́ wa sí iṣẹ́, ní owó oṣù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ó ń gbà lọ́dọ̀ wa. Olùkọ́ ìmọ̀ Bíbélì ni wọ́n fi sí kíláàsì ìṣirò. Ènìyàn rere ni, ó sì sọ fún wa láì fi bò pé òun náà yóò máa kọ́ ọ pẹ̀lú wa. Nínú àwa méjìdínlógún tí a jùmọ̀ wọn ọ̀pẹ náà, ẹni méjì ni ó yege nínú tirigonọ́mẹ́tìrì.