Ìgbóná, Bupá àti Àjẹsára

Nínú gbogbo àrùn tí ó ti bá àwọn Yorùbá fínra, kò sí èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣòroó pè bí ìgbóná. Kì í ṣe pé kò ní orúkọ. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ti àrùn mìíràn lọ. Ṣànpọ̀nná ni òrìṣà tí wọ́n gbà pé ó ń fi í jà, ṣùgbọ́n orúkọ yìí gan-an ni kò gbọdọ̀ ti ẹnu ènìyàn jáde, pàápàá ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àdàpè ni wọ́n ń lò. Wọ́n á ní Ọbalúayé, ọba tí ó ni ayé. Wọ́n á ní Olóde, ẹni tí ó ni ìta gbangba. Wọ́n á ní Ilẹ̀ẹ́gbóná. Bí àrùn náà bá pa ènìyàn, ẹbí kò gbọdọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Àwọn àwòrò ni yóò sin òkú, àwọn náà ni yóò sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Kódà, nígbà tí òrìṣà yìí bá àwọn ẹrú kọjá òkun, àdàpè ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀: Babalú Ayé ni wọ́n ń pè é ní Kúbà, Obaluaê ni ní Bràsíìlì.

Ìṣòro tí èyí dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn kò kéré. Ìgbóná ni ooru iná, ìgbóná ni ara aláìsàn tí kò tutù, ìgbóná kan náà sì ni àrùn tí ń sọ agbo ilé di ahoro. Ẹni tí ó wí pé ara ọmọ òun gbóná lè ní ibà lásán lọ́kàn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Iléṣà, wọ iṣẹ́ ìṣègùn ìjọba ní Èkó ní 1896. Nígbà tí ó rí i pé kò sí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ àrùn yìí fún òun, ó wọ inú awo Ṣànpọ̀nná lọ fúnra rẹ̀. Ìròyìn tí ó mú jáde ni pé àwọn àwòrò kan ń ha èépá ara aláìsàn, wọ́n sì ń fi í kó àrùn ran ẹlòmíràn. Ní 1907 ìjọba àwọn òyìnbó fi òfin de ìsìn náà. Ẹ̀sùn ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dì í ru gbogbo olórìṣà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láti ara aláìsàn ni wọ́n ti ń lò ní Ṣáínà, ní Íńdíà, ní Tọ́kì àti ní apá kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti dá ààbò bo ara, kí Edward Jenner ó tó lo ti màlúù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1796.

Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún màlúù ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ti fa orúkọ ìtọ́jú Jenner yọ. Yorùbá kò wo màlúù rárá. Apá ni wọ́n wò: wọ́n so bù mọ́ apá, ó di bupá. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù ti wà nílẹ̀, èyíinì ni gbẹ́rẹ́, nítorí gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ojú abẹ́ kékeré tí a fi oògùn ra. Ó jọ pé àwọn ènìyàn mọ̀-ọ́n-mọ̀ ya ti oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìjọba.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1967 ni iṣẹ́ ńlá láti lé ìgbóná àti éèyi bẹ̀rẹ̀ ní ogún orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ní agbègbè Ògójà, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i ní ìparí 1966 pé oògùn tí ó wà lọ́wọ́ kò lè kárí. Wọ́n wá ibi tí aláìsàn wà, wọ́n sì bupá fún àwọn tí ó yí i ká nìkan. Àrùn náà dúró. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ará ilé bá dákẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń mú àwòrán ọmọ tí ìgbóná mú káàkiri ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè: ẹni tí kò lè pe orúkọ lè na ìka sí àwòrán. Oṣù karùn-ún 1970 ni wọ́n rí aláìsàn ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ti gbogbo ayé, láìka ti ilé àyẹ̀wò, jẹ́ ní Sòmálíà ní 1977. Ní ọjọ́ 8, oṣù karùn-ún, 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti tán.

Bí bupá ti kásẹ̀ nílẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára gba ipò rẹ̀. Oògùn tí ènìyàn jẹ sí ara kí májèlé má baà ràn án ni àjẹsára àtijọ́. Nínú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé lónìí, díẹ̀ ni ó ń gba ẹnu wọlé, bí èyí tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni ìyókù. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

Ní 2017, mpox, tí ó jẹ́ ìbátan ìgbóná, tún yọjú ní Nàìjíríà lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí bupá dáwọ́ dúró kò ní ààbò tí bupá fi sí ara àwọn àgbà. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ pa orúkọ tí ó so àrùn yìí mọ́ ọ̀bọ tì, nítorí àbùkù tí ó ń kó bá aláìsàn. Ẹni tí yóò kọ ọ́ ní Yorùbá sí ara ògiri ilé ìwòsàn lè pè é ní ìgbóná, kò sì jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ó bá kà á yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì gbé ọmọ náà pamọ́.